Àmín Kan Tó Há Sí Mi Lọ́fun

Ẹ bá mi kí Ọba tó ń gbọ́ àdúrà ẹni tí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi! Ẹ tún un kí! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó jí mi lónìí ní Ìgándò, tó fún mi lẹ́sẹ̀ tí mo fi rìn wọ ilé ẹ̀, tí kò ka iye irọ́ tí mo ti pa láyé kó tó fún mi ní èémí. Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ o. Ẹ̀rí mi gùn díẹ̀.

Ìwé lẹ rí lọ́wọ́ mi yìí. Ìyàwó mi, Ìyá Fọlákẹ́, ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní bí mo bá dìde lásán, kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì, ẹja àbùùbùtán á ti gbé mi mì. Ó ti ka gbogbo ẹ̀ kí n tó jáde nílé, ó sì ti fa ìlà pa ibi méjì. Nítorí náà, ohun tó kù síbẹ̀, òótọ́ ni.

Bàbá Kápẹ́ńtà ni púpọ̀ nínú yín mọ̀ mí sí. Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí bàbá mi tó ní kí n lọ kọ́ṣẹ́. Èmi ni mo kan bẹ́ǹṣì tí ẹ jókòó lé yìí, àyàfi èyí tó ń mì lẹ́yìn yẹn, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ mi. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo ṣiṣẹ́ ní wáàfù Àpápá. Àpótí ńlá tí wọ́n ń kó ẹrù sí la máa ń kàn. Atukọ̀ kan ló fún mi ní máàpù àtijọ́ kan níbẹ̀. Máàpù àwọn erékùṣù Kànárì ni, àwọn erékùṣù kan tó wà nínú òkun Àtìláńtíìkì, lókè lọ́hùn-ún níbi tí ilẹ̀ Áfíríkà ti ń parí lọ. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá mi.

Nígbà tí Fọlákẹ́ ọmọ mi wà ní kékeré, bí kò bá fẹ́ jẹun, màá gbé e lé itan níwájú máàpù yẹn, màá nàka sí i. Màá ní, "Ṣé o rí ibí yìí? Mo ti débẹ̀." Bí mo ṣe di atukọ̀ nìyẹn o. Mo ní ọdún mẹ́ta ni mo lò lórí òkun. Mo ní èmi ni mo ń se oúnjẹ fún ọ̀gá ọkọ̀, pé ìjì gbé wa lọ́jọ́ kan, gbogbo òyìnbó inú ọkọ̀ ń sunkún, èmi ni mo gba ìtọ́kọ̀ mú. Mo ní mo tu ọkọ̀ wọ ibì kan lápá àríwá erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Gòmẹ́rà. Mo ní ibẹ̀ rí rogodo bí igbá, omi ẹ̀ pa rọ́rọ́ bí omi inú abọ́, ìyá àgbà kan sì ń gbé lórí òkè ibẹ̀ tó ń tan àtùpà fún àwọn tó ṣìnà. Èmi fúnra mi ni mo sọ ibẹ̀ ní Èbúté Ìyá Àgbà. Ọmọ á la ẹnu sílẹ̀ tó ń gbọ́ mi, oúnjẹ á máa wọlé.

Ẹ̀yin ará, ọkọ̀ òkun kan ṣoṣo ni mo wọ̀ rí. Wọ́n ní kí n wá tún kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ẹ̀ ṣe. Wọ́n ti so ó mọ́ wáàfù, kò kúrò lójú kan, mo sì bì.

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín tèmi.

Ọmọ wá dàgbà. Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Fọlákẹ́ ní iṣẹ́ orí omi lòun máa kọ́. A ní ṣé kó lọ kọ́ nọ́ọ̀sì, ó kọ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ omi, ó gba ìwé ẹ̀rí lé ìwé ẹ̀rí, títí ó fi di ọ̀gá atukọ̀ onígbòkun, ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń tì tí kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Obìnrin! Ọmọ Ìgándò! Nínú gbogbo ilẹ̀ tó wà láyé, ibo ló wá lọ ń gbé? Kànárì! Ìlú tí wọ́n ń pè ní Làsì Pámásì ló wà, òun àti Dàpọ̀ ọkọ ẹ̀ àti àwọn ìbejì wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Wọ́n ní ọkọ̀ onígbòkun tiwọn. Gígùn ọkọ̀ náà tó... Ìyá Fọlákẹ́ ti fa ìlà pa á níbí. Gígùn ẹ̀ tó ilé ìjọsìn wa yìí láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ.

Nígbà Àjíǹde tó kọjá yìí, Fọlákẹ́ nìkan wá kí wa, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní tó bá di oṣù keje, ìgbà tí òjò tiwa ń rọ̀ níbí tí oòrùn tiwọn ń ràn, òun àti ọkọ òun àtàwọn ọmọ fẹ́ fi ọkọ̀ wọn yí àwọn erékùṣù náà ká fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Wọ́n á kúrò ní Làsì Pámásì, wọ́n á ya Tẹnẹrífè, wọ́n á ya Gòmẹ́rà, wọ́n á ya Yẹ́rò, wọ́n á tún padà sílé. Ilé wa ló sì ti fẹ́ ṣètò gbogbo ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yin ọmọ mi díẹ̀, ẹ má bínú. Mo ti bá bílídà ṣiṣẹ́ ní Gowon Estate, mo ti rí ẹni tó ya àwòrán ilé alájà mẹ́rin láì pa ìlà kan rẹ́, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó ń ṣètò nǹkan bíi Fọlákẹ́. Ó tẹ́ máàpù sórí tábìlì pálọ̀ wa, máàpù tó jẹ́ pé inú omi ni wọ́n kọ nọ́ńbà sí, tí wọ́n fi orí ilẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ó mú irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan, ó ń fi í rìn lórí omi bí ẹni ń ka ìṣísẹ̀. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tiẹ̀. Aago tí wọ́n á gbéra, ibi tí afẹ́fẹ́ á ti máa bọ̀, ibi tí wọ́n á sá sí bí afẹ́fẹ́ bá yí ọkàn padà. Ó kọ ẹni tó máa tu ọkọ̀ nígbà tí ẹnì kejì bá ń sùn. Ó kọ orúkọ Táyé sára jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó kan, ó kọ ti Kẹ́hìndé sára èkejì, nítorí pé ìdí ọ̀kan tóbi ju ti ìkejì lọ. Ó bi ìyá ẹ̀ léèrè bí ata gbígbẹ ṣe máa pẹ́ tó nínú atẹ́gùn òkun. Èmi tí mo jẹ́ kápẹ́ńtà, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn tí mo bá gé pákó tán ni mo máa ń wọ̀n ọ́n, mo jókòó tì í, ẹnu yà mí, mo ní Olúwa, ṣé inú ilé mi ni eléyìí ti jáde?

Ibẹ̀ ló ti wá kàn mí o. Fọlákẹ́ gbójú sókè, ó ní, "Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà yìí jù mí lọ. Ẹ súnmọ́bí jàre."

Ìyá ẹ̀ wà ní kíṣìnì. Mo gbọ́ tí ṣíbí já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Fọlákẹ́ ní, "Ọjọ́ kẹjọ ló le jù. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í ṣeré láàárín àwọn erékùṣù yẹn lóṣù keje, ó sì máa ti rẹ àwọn ọmọ. Mo ti fi Èbúté Ìyá Àgbà sí i, ká sinmi síbẹ̀. Ẹnu ẹ̀, ibo ló kọjú sí?"

Mo ní, "Ìwọ̀ oòrùn." Ọlọ́run ń gbọ́, ẹnu mi ló dáhùn, èmi kọ́.

"Ìsàlẹ̀ omi ẹ̀ ńkọ́? Òkúta ni àbí iyanrìn?"

"Iyanrìn ni. Iyanrìn funfun báláú."

Ó fi pẹ́ńsù kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá mi." Bó ṣe wò mí nígbà yẹn, ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ní ọmọ tó ń wò yín bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ kí ojú ọ̀hún yí padà láéláé. Ohun tó dì mí lẹ́nu nìyẹn. Kì í ṣe èṣù.

Nígbà tí mo wọ kíṣìnì, Ìyá Fọlákẹ́ ti dúró dè mí. Ó ní, "Bàbá Fọlákẹ́, ọkọ̀ òkun tí ẹ wọ̀ lọ sí Kànárì yẹn, àbí ibùdókọ̀ Command lẹ ti bọ́ọ́lẹ̀ ni?"

Mo ní, "Sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́."

"Mi ò ní sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́! Àwọn ọmọ-ọmọ mi ni wọ́n fẹ́ kó lọ sínú irọ́ yín. Ẹ sọ fún un o."

"Màá sọ fún un."

"Ìgbà wo?"

"Lọ́la."

Ọ̀la dé, mi ò sọ ọ́. Ọ̀túnla dé, mo ní orí ń fọ́ mi. Mo wá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mo wọ sùtánà, mo wá síbí lójú ọ̀sán, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú pẹpẹ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ rí mi, ẹ ní Bàbá Kápẹ́ńtà mà ń jagun àdúrà o. Ẹ ò mọ ohun tí mo ń tọrọ. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó jọ̀ọ́, kó dá èbúté kan sí àríwá Gòmẹ́rà kó tó di oṣù keje. Mo ní, "Ìwọ tó dá òkun, kí ni ihò kékeré kan jẹ́ lójú Ẹ?" Ojoojúmọ́ ni mo ń rán An létí pé iyanrìn funfun ni kó jẹ́.

Kò dá mi lóhùn. Mo dúpẹ́ pé kò dá mi lóhùn!

Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìpadàlọ Fọlákẹ́ wá dé. Àlejò tó bá wà láàárín wa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àṣà ìjọ wa. Ẹni tó bá fẹ́ rin ìrìn àjò ńlá á kọ gbogbo ibi tó máa dé sínú ìwé. Ìwé náà á sùn sórí pẹpẹ fún ọjọ́ méje. Lọ́jọ́ keje, Bàbá Olùṣọ́ wa á kà á sókè ní ibùsọ̀ kọ̀ọ̀kan, òbí arìnrìnàjò ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá Àmín ṣe. Tí òbí bá ti ṣe é ni ìjọ máa gbè é. Bí òbí kò bá ṣe é, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ya ẹnu.

Fọlákẹ́ kúnlẹ̀, èmi dúró lẹ́yìn ẹ̀. Bàbá Olùṣọ́ kà á pé, "Ọjọ́ kìíní, Làsì Pámásì." Mo ní Àmín, ẹ gbè é. "Ọjọ́ kejì, Tẹnẹrífè." Àmín! Ilé ń dún. Inú mi dùn, mo tilẹ̀ gbàgbé ohun tó ń bọ̀. Bàbá Olùṣọ́ wá gbé ohùn sókè, wọ́n ní, "Ọjọ́ kẹjọ, Èbúté Ìyá Àgbà, àríwá Gòmẹ́rà!"

Mo la ẹnu. Kò sí nǹkan tó jáde.

Wọ́n tún un kà. Mo tún la ẹnu. Àmín dé ibi ọ̀fun mi, ó jókòó síbẹ̀. Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn ọmọ mi níbi tó kúnlẹ̀ sí, mo ń rò ó pé èmi ni mo fẹ́ fi ẹnu ara mi rán an lọ bá òkúta. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Òógùn bò mí. Ni Ìyá Ìjọ bá pariwo, "Ẹ̀mí ti dé lára Bàbá o!" Ẹ rántí. Agogo bẹ̀rẹ̀ sí í dún, wọ́n tẹ́ ẹní fún mi, ẹnì kan da odidi kẹ́ẹ̀gì omi ìyàsímímọ́ lé mi lórí. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé òrùlé mì. Ìyá Fọlákẹ́ fa ìlà pa ìyẹn náà. Omi yẹn tutù, ó wọ̀ mí lára, mo sì ké jáde, mo ní, "Kò síbẹ̀! Èbúté yẹn kò sí!"

Kí lẹ wá ṣe? Ẹ ní, "Ìran! Bàbá Kápẹ́ńtà ríran!" Bàbá Olùṣọ́ ní Olúwa ti ti ilẹ̀kùn èbúté náà. Láti ọjọ́ yẹn lẹ ti ń pè mí ní Wòlíì. Ẹ gbé àga fún mi níwájú. Ẹ forí jì mí, mi ò ríran kankan. Òótọ́ lásán ló bọ́ lẹ́nu mi, kò sì mọ́ ọn lára, ó wá dà bí ìran lójú yín. Arábìnrin tó wá láti Ẹ̀gbẹ́dá tó ní kí n wo ọ̀rọ̀ ọkọ òun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba ààwẹ̀ tí mo ní kí ẹ gbà yẹn mọ́. Ẹ bá ọkọ yín jókòó, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀.

Àbí ẹ ò rí i? Ọ̀nà ti ṣí fún mi gbayawu. Ọmọ máa yọ èbúté kúrò nínú ìwé ẹ̀, màá ṣì jẹ́ atukọ̀, màá tún jẹ́ wòlíì lé e. Nínú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀ lọ sílé, mo ń fọpẹ́ fún Ọlọ́run lábẹ́lẹ̀ pé ó gbọ́n. Àfi bí Fọlákẹ́ ṣe ní, "Bàbá, kò burú, a máa dúró sí èbúté ńlá tó wà lápá ìlà oòrùn. Kànga omi dídùn tí ẹ ní ó wà létí òkun ní Yẹ́rò ńkọ́? Ṣé Ọlọ́run ò ti ìyẹn? Torí ẹ̀ ni mo ṣe dín kẹ́ẹ̀gì omi kù."

Kànga! Mo ti gbàgbé pé mo gbẹ́ kànga.

Bí a ṣe wọlé, mi ò bọ́ sùtánà. Mo pè é jókòó, mo sọ gbogbo ẹ̀. Wáàfù, àpótí, máàpù, kọ́bọ́ọ̀dù, bí mo ṣe bì. Mo ní, "Fọlákẹ́, bàbá ẹ ò wọ òkun rí."

Ó ní, "Mo wá èbúté yẹn nínú gbogbo máàpù tí mo ní, Bàbá. Mi ò rí i. Mo ní àwọn tó ya máàpù ni ò mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀yin ará, ká ní ó bú mi, ì bá sàn.

Lọ́jọ́ yẹn, kò bá mi jẹun. Lọ́jọ́ kejì, ní àárọ̀, ó tẹ́ ìwé ẹ̀ sórí tábìlì, ó mú ìrésà, ó ní, "Ẹ jókòó. Mo máa bi yín níkọ̀ọ̀kan. Òótọ́ àbí ìtàn?" Bí adájọ́ ni.

"Kànga Yẹ́rò?"

"Ìtàn."

Ó pa á rẹ́, ó fi kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà kún omi.

"Ẹja tó máa ń tẹ̀ lé ọkọ̀ bí ìjì bá fẹ́ jà?"

"Ìtàn."

"Òkè tó ń yọ iná ní Tẹnẹrífè?"

Mo ní, "Ìyẹn, atukọ̀ yẹn ló sọ fún mi." Ó ní òótọ́ nìyẹn, òkè ńlá wà níbẹ̀ tó ti yọ iná rí. Inú mi dùn bí ọmọ iléèwé tó gba máàkì. Ìyá ẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀, ó ní, "Bi wọ́n nípa adìyẹ tí wọ́n ní àwọn gbà lọ́wọ́ ọba ibẹ̀." Fọlákẹ́ fẹ́ mú ojú le, kò lè mú un le mọ́. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rín. Ó rín títí ó fi gbórí lé tábìlì. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ ti fi irọ́ sọ mí di atukọ̀. Ẹ máa sọ ìtàn yín fún àwọn ìbejì, mi ò ní kí ẹ má sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ìtàn ni."

Mo gbà. Mo búra fún un.

Wọ́n gbéra lóṣù keje. Lójoojúmọ́ ló ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ, kò sí nǹkan títí ọ̀sán fi pọ́n. Ìyá Fọlákẹ́ ò gbé ìkòkò kaná. Òjò ń rọ̀ lórí páànù, mo jókòó sójú kan, mo ń pe orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan sétí Ọlọ́run.

Fídíò kan wá wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Fọlákẹ́ dúró lórí òkè lápá àríwá Gòmẹ́rà, afẹ́fẹ́ ń fa aṣọ ẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní ọkọ̀ wọn ti wà ní èbúté ìlà oòrùn láti àná, wọ́n ti so ó dáadáa, ọ̀gá èbúté ti ní kí ọkọ̀ kankan má jáde nítorí afẹ́fẹ́, àwọn wá fi mọ́tò wá wo òkun. Ó wá yí fóònù sísàlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ibi tí ẹ ní ká sùn sí rèé."

Ògiri òkúta ni, ó dúdú, ó ga. Ìgbì ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó ń fi orí sọ ọ́, ìfófòó ẹ̀ ń gòkè ju ilé alájà méjì lọ. Ìyẹn kì í ṣe ìtàn, fídíò náà wà lórí fóònù ìyá ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó wá wò ó tí a bá jáde. Kò sí iyanrìn. Kò sí ibi tí ìka ẹsẹ̀ lè dúró sí.

Fọlákẹ́ wá yí fóònù padà. Mo rí Dàpọ̀, ó di Táyé lọ́wọ́ kan mú, ó di Kẹ́hìndé lọ́wọ́ kejì. Mo kà wọ́n. Mo tún wọn kà. Mẹ́rin ni wọ́n, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n wà. Ìyá Fọlákẹ́ di ọwọ́ mi mú.

Wọ́n parí ìrìn àjò wọn. Wọ́n ti padà sí Làsì Pámásì, egungun kan ò ṣẹ́, omi mímu wọn tó títí dé ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹ̀yin ará mi, Ọlọ́run tó lè dá èbúté kọ̀ láti dá a, ó sì fi ìyẹn gba ẹ̀mí mẹ́rin là! Ògo ni fún Un! Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lórí omi, lójú òfúrufú, lójú ọ̀nà Sàhárà, Ẹni tó dá tèmi dúró sí ibi tó dáa yóò mú tiyín wálé. Ẹ dìde, ẹ bá bàbá arúgbó yìí jó! Ẹ lu agogo! Ayọ̀ mi kún, ẹ wá gbà níbẹ̀!